Memory Foam Tàbí Fóòmù Lásán? Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Ara, Yàrá àti Àpò Wa Mu

Nígbà kan, ìbéèrè méjì péré ni olófóòmù máa ń bi oníbàárà: báwo ni bẹ́ẹ̀dì yín ṣe fẹ̀ tó, ínṣì mélòó lẹ sì fẹ́? Lónìí, kí ẹ tó jókòó tán, wọ́n á ti ka orúkọ jọ sí yín létí: orthopaedic, semi-orthopaedic, sípíríǹgì, memory foam, èyí tó ní gẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ká sínú páálí láti òkè òkun. Owó wọn ò jọra rárá, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí ẹ bá kàn tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Èrò tèmi ni pé ẹ má jẹ́ kí orúkọ tó wà lára ọ̀rá darí yín. Memory foam, ìyẹn fóòmù tó máa ń rọ̀ bí ooru ara bá kàn án, tó sì ń gba ara wọlé, dáa, àmọ́ memory foam tí kò ki kò sàn ju fóòmù lásán tó ki lọ, kì í sì í ṣe gbogbo yàrá ló gbà á. Nínú yàrá tó móoru tí iná kì í dúró, èèyàn lè san owó ńlá kó sì máa làágùn mọ́jú. Nítorí náà, ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a máa fi díwọ̀n wọn, ká tó mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a máa fi díwọ̀n

Àkọ́kọ́ ni bí fóòmù ṣe ki tó. Èyí yàtọ̀ sí bó ṣe nípọn tó, ó sì yàtọ̀ sí bó ṣe le tó. Búrẹ́dì méjì lè ga bákan náà, kí ọ̀kan jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, kí èkejì sì wúwo lọ́wọ́. Bí fóòmù ṣe rí nìyẹn. Iye kílò tó wà nínú kúbíkì mítà kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń sọ ọ́. Fóòmù lásán tí kò tó 18, ti àlejò tàbí ọmọdé ni. Bí àgbàlagbà bá ń sùn lé e lálaalẹ́, kò ní pẹ́ tí àárín rẹ̀ á fi dá kòtò. Láti 23 sí 28 ló yẹ ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá sanra, tàbí tọkọtaya tó jọ ń sùn, kí wọ́n wá 28 sókè. Ti memory foam ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èyí tí kò tó nǹkan bí 50, àwọn tó dáa jù sì máa ń tó 80.

Bí olófóòmù ò bá mọ iye rẹ̀ (ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n), òṣùwọ̀n á sọ fún yín. Ẹ fi ìbú sọ gígùn di púpọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, ẹ fi iye ínṣì tó nípọn sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá fi 12 pín in. Ohun tó bá jáde ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n kílò fóòmù náà, kí ẹ sì fi 35 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 6×6 tó nípọn tó ínṣì 8 ṣe é wò: 6×6×8 jẹ́ 288, bí a bá fi 12 pín in, ó di 24. Bí fóòmù náà bá wọn kílò 17, 17 tí a fi 24 pín, tí a sì fi 35 sọ di púpọ̀, jẹ́ nǹkan bí 25. Ó tọ́. Bó bá jẹ́ kílò 11 ni, 16 ló máa jáde. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Ẹ fi tépù wọn gígùn rẹ̀ fúnra yín o, torí pé èyí tí wọ́n ń pè ní 6 lè jẹ́ ínṣì 75 gan-an, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 3.

Ohun kejì ni ooru. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù máa ń ṣiṣẹ́ dàárọ̀ nínú yàrá yín, àbí fáànù ni, àbí fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ nìkan ló kù bí iná bá ti lọ? Ìdáhùn yín sí èyí ṣe pàtàkì ju ìrọ̀rí méjì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èènì fún yín lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí ẹ ń gbà sùn. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn nílò ohun tó máa gba èjìká àti ìbàdí rẹ̀ wọlé díẹ̀; bí ibùsùn bá le jù, ọwọ́ rẹ̀ á ti kú kó tó jí. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ fẹ́ èyí tó wà láàárín líle àti rírọ̀. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sá fún ohun tó rọ̀ jù, torí pé ìbàdí rẹ̀ á rì, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀ mọ́jú.

Ó ku ẹni tí ẹ jọ ń sùn àti owó. Lórí owó, ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára fóòmù nìkan. Ká sọ pé ọ̀kan jẹ́ 120,000 náírà tó sì rì lẹ́yìn ọdún 2, òmíràn jẹ́ 280,000 tó lo ọdún 7. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ 60,000 lọ́dún, ti èkejì ń jẹ 40,000. Èyí tí ẹ rà ní owó pọ́ọ́kú ló wọ́n yín jù. Mo mọ̀ pé owó ńlá kì í sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí mo ṣe máa sọ èyí tí ẹni tí owó rẹ̀ kéré náà lè mú tí kò fi ní kábàámọ̀.

Fóòmù lásán

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa dàgbà lé lórí. Vitafoam ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1962, Mouka náà sì ti ń ṣe fóòmù láti àwọn ọdún 1970, débi pé àwọn àgbàlagbà kan ṣì máa ń fi orúkọ ọ̀kan nínú méjèèjì pe fóòmù èyíkéyìí tí wọ́n bá rí. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá. Èyí ló fà á tí owó fóòmù tí wọ́n ṣe ní Ìkẹjà pàápàá fi ń bá dọ́là rìn, pàápàá látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Owó rẹ̀ kéré jù, ó fúyẹ́ láti gbé, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá ju inú memory foam lọ, ẹ sì lè yí i padà kí ẹ máa sun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kì í tẹ̀ lé bí ara ṣe rí. Ibi tí ìwọ̀n yín bá pọ̀ sí, ìyẹn ìbàdí àti èjìká, ni á máa ti yín padà jù, tí ẹ ó sì máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀ ju nínú àwọn yòókù lọ. Wọ́n á rán aṣọ tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n á sì kó àjákù fóòmù sínú rẹ̀. Ẹ wo ojú ìránṣọ rẹ̀, ẹ wo àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ọjà wò bóyá ó dáa, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí igun kan bá le tí òmíràn sì rọ̀, ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ ti rà á, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n ju ti ẹ̀gbẹ́ títì lọ.

Orthopaedic

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí kò sí fóòmù tí àwọn èèyàn ń fi àṣìgbọ́ rà tó o. Bí bàbá tàbí ìyá bá ti ní ẹ̀yìn ń ro òun, ohun tí àwọn ọmọ á kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n ra orthopaedic tó le jù lọ́jà. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé bó bá ṣe le tó ni ẹ̀yìn á ṣe tọ́ tó. Lọ́dún 2003, àwọn oníṣègùn ní Sípéènì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Àgbàlagbà 313 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n gbé ibùsùn líle fún àwọn kan, wọ́n sì gbé èyí tó le níwọ̀nba fún àwọn tó kù. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀nba ni ìrora wọn dín kù jù.

Kí wá ni orthopaedic tí wọ́n ń tà fún wa? Lọ́pọ̀ ìgbà, fóòmù tó ki gan-an tó sì le ni. Àwọn mìíràn jẹ́ àjákù fóòmù tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Irú èyí máa ń wúwo púpọ̀, nítorí náà ìṣirò òṣùwọ̀n tí mo ṣe lókè yẹn ò lè sọ bóyá ó dáa. Kì í tètè rì, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó tóbi gan-an, tí fóòmù mìíràn kì í lò ju ọdún kan lọ lábẹ́ rẹ̀, á jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀ sùn náà á fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ fún ìyá àgbà tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ti yọ síta, ìyà lẹ rà fún un.

Semi-orthopaedic, èyí tí ojú rẹ̀ kan le tí èkejì sì rọ̀ díẹ̀, ló sún mọ́ ohun tí ìwádìí yẹn ń sọ. Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín, tí ẹ ò sì fẹ́ ná owó memory foam, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.

Sípíríǹgì

Oríṣi méjì ló wà. Èyí àtijọ́ ni èyí tí wọ́n fi wáyà so gbogbo sípíríǹgì rẹ̀ mọ́ra: bí ọkọ bá yíra padà lápá ọ̀tún, ìyàwó lápá òsì á mọ̀. Òun ló tún máa ń ké bó bá pẹ́ díẹ̀. Èyí tuntun ni èyí tí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹ bá tẹ̀ nìkan ló ń rì. Ó wọ́n jù, ó sì dára jù.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú sípíríǹgì nílẹ̀ tiwa ni atẹ́gùn. Inú rẹ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ ń rìn níbẹ̀, ara kì í gbóná lórí rẹ̀ bíi ti fóòmù tó dí. Ó tún rọrùn láti dìde lórí rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó wúwo, kò ṣe é ká, gbígbé e gun àtẹ̀gùn ilé tóóró sì máa ń di ìjà. Bí wáyà bá já nínú rẹ̀, kò sí àtúnṣe tó nítumọ̀. Bí àwọn ọmọ ilé yín bá fẹ́ràn láti máa fò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti mọ bó ṣe máa parí.

Memory foam

Ọdún 1966 ni Charles Yost ṣe é lábẹ́ iṣẹ́ kan tí NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé fún un. Ìjókòó ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, kó lè dáàbò bo ẹni tó jókòó bí ọkọ̀ bá gbọ̀n tàbí bó bá já. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Sweden sọ ọ́ di ibùsùn títà. Ẹ rántí ibi tó ti wá yìí, torí pé ilẹ̀ òtútù ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó máa ń rọ̀ bí ooru bá kàn án, ó sì máa ń le bí òtútù bá mú un. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ooru ara yín á mú ibi tí ẹ fara kàn rọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì gba èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wọlé, ìwọ̀n ara yín á wá pín káàkiri dípò kó kórí jọ síbì kan. Bí ẹ bá dìde, ojú ibi tí ẹ sùn á ṣì hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kún padà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn fi máa ń gbádùn rẹ̀. Kò sì sí èyí tó dà bíi rẹ̀ fún tọkọtaya tí ọ̀kan ń ti iṣẹ́ òru dé láago mẹ́rin ìdájí: ẹ lè wọlé sùn kí ẹnì kejì má tilẹ̀ mira.

Àmọ́ ohun tó mú kó dára gan-an náà ló ń fa wàhálà rẹ̀ níbí. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù, ó máa ń le díẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, kó tó wá gbà yín mọ́ra. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín òru, yàrá á gbóná, fóòmù náà á rọ̀ sí i, ẹ ó sì rì jinlẹ̀ ju bí ẹ ṣe sùn lọ. Ibi tí ẹ rì sí yìí, atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Òógùn á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yíra padà, ẹ máa kọ́kọ́ gun òkè jáde ná. Nínú ọyẹ́, ẹ ò ní rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn bá mú tí òjò ò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rántí.

Àwọn tó ń tà á á sọ pé gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sí i ti yanjú èyí. Gẹ́ẹ̀lì máa ń mú kó tutù nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fara kàn án, nítorí ó ń fa ooru. Bó bá ti fa èyí tó lè fà tán, kò sí ibi tó tún máa gbé e lọ bí yàrá fúnra rẹ̀ bá gbóná. Bí owó bá wà láti fi kún un, èyí tí wọ́n fi sípíríǹgì alápò sí abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ná an lé, kì í ṣe gẹ́ẹ̀lì.

Ìbéèrè kan wà tí olófóòmù kì í retí: nínú ínṣì 12 yìí, ínṣì mélòó gan-an ló jẹ́ memory foam? Ó ṣọ̀wọ́n kí èyí tí wọ́n ń tà jẹ́ bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ ó kàn máa rì ni. Èyí tó dáa máa ń ní ínṣì 2 sí 4 lókè, kí fóòmù tó ki tàbí sípíríǹgì sì wà nísàlẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ memory foam gàdàgbà sára rẹ̀, tó jẹ́ pé èyí tó wà lójú rẹ̀ ò tó ínṣì kan. Bí aṣọ rẹ̀ bá ní sípù, tí olófóòmù sì gbà, ẹ ṣí i wò, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá ta padà lójú ẹsẹ̀, fóòmù lásán tó rọ̀ ni.

Èyí tí wọ́n ká sínú páálí ní tirẹ̀, bí ẹ bá tú u, ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó wú dé ibi tó yẹ kó dé, kí ẹ sì ṣí fèrèsé, torí pé ó máa ń rùn bíi kẹ́míkà. Òórùn náà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó má sùn lórí rẹ̀ títí tí òórùn náà á fi tán. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ìgbà tó ti wà nínú páálí. Èyí tó ti pẹ́ jù ní títẹ̀ lè má wú tán mọ́.

Ọ̀nà kan wà tó rọ owó lára: kí ẹ ra ìtẹ́lé memory foam ínṣì 2 tàbí 3, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù tó le tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú ìgbádùn rẹ̀ lẹ ó rí, owó rẹ̀ kò sì ní tó ti odindi. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí orthopaedic rẹ̀ ti di pákó mọ́ ọn lára. Àmọ́ bí fóòmù ìsàlẹ̀ bá ti dá kòtò, ìtẹ́lé náà á kàn wọ inú kòtò ọ̀hún ni.

Rọ́bà àti tòkunbọ̀

Fóòmù tí wọ́n fi oje igi rọ́bà gidi ṣe dára púpọ̀: ó máa ń ta padà, kì í gbóná bíi memory foam, ó sì máa ń pẹ́. Ó wọ́n gan-an, ó wúwo, ó sì ṣòro láti rí níbí. Bí ẹ bá rí èyí tí owó rẹ̀ kéré, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ rọ́bà.

Ní ti tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò mọ ẹni tó sùn lórí rẹ̀, ìdun lè wà nínú rẹ̀, ó sì ti lo ọdún tó dáa jù nínú rẹ̀ níbòmíràn. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ò bá tiwa mu: king ti Bìrìtìkó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150, ó sì gùn tó 200. Kò wọ bẹ́ẹ̀dì 4.5, kò sì kún ti 6.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù

Ẹ dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti èèyàn, ẹni tó ró ìró á sì máa wo ẹ̀yìn, àmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sùn lé lórí fún ọdún púpọ̀ kọjá ohun tí a fi àtẹ́lẹwọ́ yàn. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ sùn bí ẹ ṣe máa ń sùn nílé fún bí ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn ìbàdí. Bí ọwọ́ bá kọjá wẹ́rẹ́ tí àyè ṣì wà, ó le jù. Bí ọwọ́ ò bá lè wọlé rárá, ó rọ̀ jù. Ẹ jókòó sí etí rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ wò ó bóyá á fẹ́ da yín sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ memory foam, ẹ rántí pé ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń mú kó le ju bó ṣe máa rí nínú yàrá yín lọ. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì ka ohun tí gàráńtì sọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gbà á padà bí àbàwọ́n bá ti wà lára rẹ̀.

Nílé, ẹ bọ́ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe wá tí a fi ń sùn lórí ọ̀rá fún ọdún méjì kí fóòmù má bàa dọ̀tí. Ọ̀rá yẹn ló ń mú yín làágùn, òun ló sì ń ha òógùn náà mọ́ inú fóòmù. Màkíntọ́ọ̀ṣì tó ní aṣọ lójú ni kí ẹ tẹ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀dì yín bá jẹ́ onípákó tẹ́ẹ́rẹ́, kí àlàfo tó wà láàárín pákó méjì má ju ínṣì 3 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí káfíńtà fi kún un. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì gbalaja, ọ̀rinrin á ba abẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì sá a sóòrùn, oòrùn máa ń sọ fóòmù di pupa rúsúrúsú, á sì mú kó máa fọ́. Òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló yẹ ẹ́. Fóòmù máa ń yára gbiná, èéfín rẹ̀ sì léwu, nítorí náà kí àbẹ́là àti oògùn ẹ̀fọn tó ń jó jìnnà sí i.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tọkọtaya tí yàrá wọn móoru, tí iná wọn kì í dúró: sípíríǹgì alápò tó ní memory foam ínṣì 2 lójú ni àkọ́kọ́. Bí owó ò bá tó o, fóòmù lásán tó ki tó 28 sókè. Ẹ má mú memory foam olówó pọ́ọ́kú láàárín méjèèjì. Òun ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí pé ó máa gbóná, ó sì tún máa rì.

Ẹni tí yàrá rẹ̀ tutù dàárọ̀, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn tàbí tí orí oorun rẹ̀ fúyẹ́: memory foam tó ki tó 50 sókè, ínṣì 3 lójú. Owó rẹ̀ á tọ́ sí i.

Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro: semi-orthopaedic, tàbí ìtẹ́lé memory foam lórí èyí tó le. Bí ìrora náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù fóòmù. Bákan náà ni ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lójú oorun: kò sí ibùsùn tó ń wo ìyẹn.

Àwọn àgbàlagbà tó ṣì ń dìde fúnra wọn nílò ohun tí etí rẹ̀ le tí kò sì rì, kí orúnkún lè rí agbára. Sípíríǹgì tàbí semi-orthopaedic á ṣe é, kí gíga rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ wọn á tẹlẹ̀ bí wọ́n bá jókòó. Ti ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ yàtọ̀. Fún un, memory foam tó ki dára nítorí egbò ẹ̀yìn, pẹ̀lú màkíntọ́ọ̀ṣì lórí, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa yí i padà déédéé bí nọ́ọ̀sì bá ṣe sọ.

Àwọn ọmọdé tó ṣì ń tọ̀: fóòmù lásán àti màkíntọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ná owó lé e. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ sùn lórí memory foam rárá, nítorí bí ojú rẹ̀ bá rì sínú rẹ̀, ó lè má lè gbé e kúrò. Orí ohun tó le tó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí, ló yẹ kó sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì: fóòmù lásán ẹsẹ̀ bàtà 2.5 tàbí 3.5, ínṣì 6, tó ki tó 23. Ó máa lò ó títí á fi parí ẹ̀kọ́, á sì rí ẹni tà á fún.

Ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, memory foam bá yàrá yín mu ju tiwa lọ, ẹ sì ní àǹfààní kan tí a ò ní: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ sùn lórí rẹ̀ fún 100 òru tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Ẹ lò ó. Ní Bìrìtìkó, ẹ wo àkọlé ààbò iná tó wà lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ má bọ́ aṣọ èyí tó pọ́ọ́kú, torí pé àwọn kan ní òwú gíláàsì lábẹ́ aṣọ yẹn, bó bá sì tú síta, gbogbo ilé ló máa kún. Bó bá sì jẹ́ pé màmá nílé lẹ fẹ́ rà á fún, ẹ má wulẹ̀ dì í sínú kọ̀nténà. Ẹ fi owó ránṣẹ́, kí ẹnì kan mú màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dùbúlẹ̀ lé e fúnra wọn.